Bí a ṣe ń gé àfòmọ́ kúrò lórí obì

Wọ́n ní àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ẹ la ẹ̀ka obì tó ti gbé e fún ọdún méjì wò, ẹ ó rí i pé ó légbò dáadáa. Inú igi ló ta á sí, omi ẹ̀ka náà ló sì ń fà mu.

Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá ti já gbànja tán ni kí ẹ ṣe é, oṣù kìíní sí oṣù kejì, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró lábẹ́ igi, ẹ gbójú sókè. Ewé obì gùn, ó ń dán. Àfòmọ́ a máa ṣù jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ẹ fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù nínú agolo sàmì sí ìdí igi tó bá ní in. Ẹfun ò dáa: òjò á fọ̀ ọ́, aládùúgbò á sì rò pé ẹ bọ nǹkan síbẹ̀.

Gígé gan-an ni wọ́n ń bàjẹ́. Lọ́dún kan, mo gba alágbàṣe sí oko wa ní Rẹ́mọ. Ó fi dòjé fa gbogbo rẹ̀ ya láti ìsàlẹ̀, ewé kún ilẹ̀, inú mi dùn, mo sanwó. Òjò díẹ̀ rọ̀, gbogbo ojú ibi tó ti ya á rú, ó tún ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má fà á, ẹ má já a, ẹ má fi àdá họ ọ́. Ẹ̀ka tó gbé e ni kí ẹ gé.

Ẹ wá kókó tó wú níbi tó ti wọnú ẹ̀ka. Láti ibẹ̀, ẹ wọn ìgbọ̀nwọ́ kan sí apá ìdí igi, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ti rìn kọjá ibi tí ojú rí. Àwọn kan ń wọn àtẹ́lẹwọ́ kan. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ayùn ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ fi gé abẹ́ ẹ̀ka wọlé díẹ̀, kí ẹ tó gé e láti òkè. Bí ẹ ò bá gé abẹ́, ẹ̀ka á bó èèpo lọ dé ara ìyá igi bó ṣe ń wó.

Bí apá ò bá ká ayùn onígi gígùn, ẹ fi rọ́bà inú táyà ọ̀kadà so ayùn kékeré mọ́ ọparun. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ bàtà òjò. Tanpẹ́pẹ́ ò mọ ẹni tó ni oko.

Èyí tó bá wà lára ìyá igi kò ṣeé gé báyẹn. Ẹ máa rẹ́ ẹ kó tó so. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀, hóró rẹ̀ sì ń lẹ̀ bí àtè. Ibi tí ẹyẹ bá nu ẹnu sí ló ti ń hù. Kì í hù nílẹ̀, torí náà ẹ má wulẹ̀ sun ún. Èmi ń kó tèmi fún àwọn eléwé ọmọ tó ń ta ewé àti egbò, ṣùgbọ́n ẹ má kó ti orí obì pọ̀ mọ́ ti orí ọsàn, wọn ò ní gbà á.

Ní oṣù kẹrin, ẹ padà sábẹ́ àwọn igi tẹ́ ẹ fi ọ̀dà sàmì sí, kí ẹ wò ó bóyá ó tún ti rú.