Bàtà kan ṣoṣo, wàhálà ọjọ́ kan gbáko: ìrírí èmi àti Màámi lọ́jà ní Òṣogbo

₦19,000 ti wọgbó kí n tó gbà pé àfi kí Màámi fúnra wọn tẹ̀ lé mi lọ ra bàtà. Bàtà àkọ́kọ́, ₦9,500, kò wọ ẹsẹ̀ òsì wọn rárá. Ìkejì fi nọ́ḿbà kan ju ti àkọ́kọ́ lọ, ₦9,500 lòun náà, ó wọlé dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀. Mo gbé e padà lọ. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi ò tiẹ̀ la ẹnu, ó kàn na ìka sí pátákó tó wà lókè orí ẹ̀: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Inú ṣì ń bí mi.

Rọpárọsẹ̀ ló mú Màámi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, apá àti ẹsẹ̀ òsì ló bá wọn jà. Látìgbà náà, orí àga onítáyà ni wọ́n ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ẹsẹ̀ tí kì í rìn, tó kàn ń rọ̀ sílẹ̀ ṣáá, máa ń wú. Físíò, ìyẹn olùtọ́jú tó ń bá aláìsàn na apá àti ẹsẹ̀, tó ń wá bá wa nílé ló là mí lóye: iṣan ẹsẹ̀ ló ń bá wa ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tí a bá ń rìn, bí iṣan yẹn ò bá ṣiṣẹ́, omi á wálẹ̀, á sì jókòó sí ọrùn ẹsẹ̀. Láàárọ̀, nọ́ḿbà 40 ni ẹsẹ̀ òsì Màámi. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, 41 ò ní gbà á mọ́. Èmi wá ń fi okùn wọn ẹsẹ̀ wọn láàárọ̀ kùtù, kí oorun tó dá lójú wọn, mo sì ń gbé okùn lọ sọ́jà bí ọlọ́gbọ́n. Ṣé ẹ rí i pé èmi ni mo ṣe ara mi?

Ìgbéyàwó àbúrò mi ọkùnrin ti ku ọ̀sẹ̀ méjì. Màámi ní àwọn ò ní wọ sílípáàsì jókòó níwájú àwọn àna. "Wọn kì í fi ẹsẹ̀ ẹlòmíì wọn bàtà. Gbé mi lọ síbẹ̀."

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ wíwẹ̀ àti wíwọṣọ da yín láàmú. Ti ọkọ̀ ni kí n sọ díẹ̀. Kórópe mẹ́ta rí wa ní Òkè-Baálẹ̀, wọ́n tẹná mọ́ ọn. Ọlọ́kọ̀ Márúwá kan dúró, ó ní òun á gba owó èrò mẹ́ta nítorí àga. Ìyẹn ò burú, àmọ́ ibi tí wọ́n ń gbà gun Márúwá ga ju ohun tí ẹsẹ̀ kan lè gùn lọ. Micra la wá dá gbà. ₦4,000 ló pè é dé títì Gbọ̀ngán. Nígbà tó rí àga, ó di ₦5,500. "Ẹrù nìyẹn o, Àǹtí." Ẹsẹ̀ ìyá mi ló ń pè lẹ́rù. Bùútù ò pa dé, ó fi okùn so ó, a sì ń gbọ́ gbàm-gbàm títí a fi kọjá Ọ̀láìyá.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìtajà tí a lọ. Ibẹ̀ mọ́, táìlì ń dán, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ó sì ní gẹ̀rẹ́ onísìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn mẹ́rin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ni mo ṣe yàn án. Mo tiẹ̀ pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú. "Ṣé ẹ ní ibi tí àga onítáyà lè gbà wọlé?" "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ó wà."

Kò parọ́. Ó wà. Jẹnẹrétọ̀ ló wà lórí ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ńlá ni o, kì í ṣe èyí téèyàn lè fi ẹsẹ̀ tì. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ̀rẹ́ náà, èyí tó yẹ kí akanda ẹ̀dá fi ọwọ́ dì mú bó bá ń gòkè. Irin yẹn ni wọ́n fi ṣéènì de jẹnẹrétọ̀ mọ́, wọ́n wá fi àgádágodo bíi ọ̀pọ̀lọ́ tì í. Kéèsì míńírà mẹ́fà wà lẹ́yìn ẹ̀, ìgò òfìfo ló kún inú wọn. Epo ti kán sórí sìmẹ́ńtì títí ó fi dúdú.

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ọwọ́ Bàbá tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ni."

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n ti lọ kírun Jímọ̀."

Aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Sikiọ́ríìtì méjì ká apá aṣọ. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé yín, kò ní pẹ́ rárá." Màámi ní rárá. Wọ́n rò pé ojú ló ń tì wọ́n. Kì í ṣe ojú. Lọ́dún tó kọjá, níbi ìsìnkú kan, àwọn géńdé mẹ́rin gbé wọn tàgatàga. Ẹni tó di ibi ìgbápálé mú ò mọ̀ pé ó ṣeé yọ. Ó yọ sí i lọ́wọ́ lágbedeméjì, èjìká òsì Màámi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. "Èmi kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì," ni wọ́n sọ, wọ́n sì fa bíréèkì àga.

Mánéjà jáde. Èmi ló ń wò, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan lórí àga. Ó ní àwọn lè kó bàtà wá bá wọn níta. Màámi dá a lóhùn láìgbé orí sókè: "Ṣé ìta ni wọ́n ti ń wọn bàtà fún ìyá tìẹ náà?"

Èmi náà bá gbé òfin jáde. Mo sọ fún un pé òfin àpapọ̀ wà tó ní kí wọ́n má ṣe ya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀, pé oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ buwọ́ lù ú, pé ọdún márùn-ún ni wọ́n fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ láti tún ọ̀nà wọn ṣe, pé ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024, àti pé mílíọ̀nù kan náírà ni owó ìtanràn tó wà nínú ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó bá ya irú wọn sọ́tọ̀. Ó gbọ́ mi jálẹ̀. Ó wá yíjú sí jẹnẹrétọ̀. "Àǹtí, a ti ṣe é kẹ̀. Ẹ wò ó." Mi ò mọ ohun tí mo lè fèsì.

A dúró sínú oòrùn. Mo ṣí agbòòrùn lé Màámi lórí, apá ń ro mí. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ ju ₦200 sí wọn lẹ́sẹ̀, ó ní Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn. Màámi, tó ta àdìrẹ kí ara wọn tó daṣẹ́ sílẹ̀, pè é padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n na owó náà sí i. "Ẹ ṣé o, ìyá. Oníbàárà ni mí, èmi kì í ṣe oníbáárà." Obìnrin náà dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, Màámi náà rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iye tí àpò ìrẹsì dà. Èmi nìkan ni mo ṣì ń bínú.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá dé, tòun ti tèsùbáà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rí Màámi, wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Bàbá yẹn ò ṣẹ̀ wá. Ẹni tó ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀ ló ṣẹ̀ wá.

Gẹ̀rẹ́ náà gan-an ní ọ̀rọ̀ lára. Àtẹ̀gùn mẹ́rin, ínṣì mẹ́fà-mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà méjì nìyẹn sókè. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ń sọ ni pé gíga ẹsẹ̀ bàtà kan ń fẹ́ gẹ̀rẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Mẹ́rìnlélógún ló yẹ kí tiwọn jẹ́. Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, kò ju mẹ́sàn-án lọ. Orí epo yẹn ni èmi àti sikiọ́ríìtì kan ti ti àga sókè, bàtà mi ń yọ̀, mò ń pe Jésù, òun ń pe Bísímílà.

Inú ilé ìtajà ò gbà wá ní ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ tó ń tajà bi mí pé, "Nọ́ḿbà mélòó ni Màmá ń wọ̀?" Màámi ní, "Ẹsẹ̀ mi ni, èmi ni kó o bi." Wàyí o, ohun kan wà tí mi ò lè sẹ́: ìdúró inú oòrùn yẹn ti mú kí ẹsẹ̀ òsì wú dé òpin wíwú ẹ̀. Bàtà tó bá wọ̀ ọ́ nírú wákàtí yẹn, kò sí ọjọ́ tí kò ní wọ̀ ọ́. Nọ́ḿbà 42 ni, aláwọ̀ wúrà, tí ìgbànú ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra, tó máa ń ké fàà béèyàn bá ṣí i, ẹ lè dẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ fún un. A fi fóòmù pẹlẹbẹ sínú ti ọ̀tún. ₦16,000 ni wọ́n pè é. Màámi ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn fi jókòó sóòrùn wà lára owó tí àwọn ti san. Wọ́n gbà á ní ₦12,500. Bí mo ṣe ń wò wọ́n tí wọ́n ń nájà, mo gbàgbé pé mo ti fẹ́ sunkún.

Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní bi wọ́n lórí fóònù pé ṣé gẹ̀rẹ́ wà. Ohun tí mò bá bi wọ́n ni pé, "Kí ló wà lórí ẹ̀ báyìí?" Mò bá ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Mò bá má lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, kì í ṣe nítorí ìrun, nítorí pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní sí nílé. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ ra bàtà fún ẹsẹ̀ tó ń wú, ẹ má lọ láàárọ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́ tó dá, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀, kí ẹ fẹ̀yìn rìn, kí táyà ńlá ẹ̀yìn àga ṣáájú. Bí ẹ bá dojú àga kọ ìsàlẹ̀, orí ni ẹni tó wà níbẹ̀ máa fi ṣíwájú. Ibi ìgbẹ́sẹ̀lé náà ṣeé yọ: irin kékeré kan wà tí ẹ máa tẹ̀, ẹ yí i síta, ẹ gbé e sókè. Awakọ̀ tó gbé wa padà ló fi hàn mí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta! Àga ká, ó wọ àlàfo ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, kò sí okùn, kò sí gbàm-gbàm, ₦4,500 péré.

Màámi wọ bàtà náà sùn lórí àga lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ò jẹ́ kí n bọ́ ọ. Méjì àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, nínú páálí wọn, ilẹ̀ ò tíì kan ìsàlẹ̀ wọn. Ọ̀kan jẹ́ 40, èkejì 41. Bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì dọ́gba ní Òṣogbo níbí, ẹ bá mi sọ fún un. ₦7,000 ni mo fẹ́ gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì ní gbà á padà.