Kí ẹ tó sanwó ìpara, ẹ yí páálí rẹ̀ wò

Ìpara àti ọṣẹ ni mo ń tà ní Sábó, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n èmi náà ti kó sí páńpẹ́ ìpara tí wọ́n fi ń bóra rí. Nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi, ẹnì kan po ìpara fún mi nínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó ní ewé àti egbò lásán ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ojú mi ń dán bí idẹ. Bí mo ṣe dáwọ́ dúró, ojú pọ́n, ó ń yún mi, ó ń ta mí bí ata. Dókítà wò mí, ó ní iṣẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, oògùn líle tí wọ́n pò mọ́ ọn, nìyí.

Àbúrò mi yẹn ti wà ní Manchester báyìí. Ó ní àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń ra ìpara kí ara wọn lè dúdú díẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí. Èyí tí wọ́n ń pè ní DHA kàn ń pa awọ òkè tó ti kú láró ni, bíi làálì, kò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi ń ṣí. Kí wọ́n ṣáà má fà á símú bí wọ́n bá ń fọ́n ọn, kó má kan ẹyinjú àti ètè, kí wọ́n sì má rò pé ó ń dínà oòrùn. Oògùn oníhóró wọn, canthaxanthin, ni kò dáa: ó lè dì sínú ẹyinjú. Ìpara tí àwa fi ń bóra kì í dúró lókè awọ ní tiẹ̀. Ó ń wọlé.

Nítorí náà, ẹ yí páálí. Bí kò bá sí orúkọ ilé iṣẹ́, èròjà àti nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ dá a padà. Ayédèrú nọ́ńbà sì wà o, ẹ wá a nínú Greenbook, àkójọ ọjà tí NAFDAC fọwọ́ sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mẹ́kúrì, májèlé tí wọ́n máa ń pò mọ́ irú ìpara yìí, ni kí ẹ fi ara balẹ̀ wá, torí ó ní orúkọ púpọ̀: calomel, mercurous chloride, mercurio, ammoniated mercury. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kó má kan góòlù tàbí fàdákà, ẹ sá. Kíndìnrín ló ń bà jẹ́, ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú oyún, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìrọ̀rí àti táwẹ̀lì tí àwọn ọmọ ń lò. Ẹ má sọ ọ́ síná, oru rẹ̀ burú.

Clobetasol àti betamethasone, irú sítẹ́rọ́ìdì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, oògùn dókítà ni. Wọ́n ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ kì í sì tètè jinná lórí irú awọ bẹ́ẹ̀. Hydroquinone tún wà, èròjà tó ń bóra ni: èyí tó bá ju 2% lọ, NAFDAC ò gbà á. Bó bá pẹ́ lára, ó lè sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di dúdú bí aró.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH máa ń wá láti Under G: “Ìyá, ẹ fún wa ní èyí tó ń yára.” Èyí tó ń yára yẹn gan-an ni mo ń bẹ̀rù.

Ẹni tó ti ń lo ìpara oní-sítẹ́rọ́ìdì tipẹ́, kó má já a sílẹ̀ lójijì. Kó gbé ike náà lọ bá dókítà awọ. Bí ẹ bá sì ra tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, kí ẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Bó bá yún yín, ẹ gbé e padà wá. Màá dá owó padà, ṣùgbọ́n ẹ má sọ páálí nù.