Mágí Kò Sí Nínú Rẹ̀: Àwọn Àṣìṣe tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ẹran Yíyan Aládùn Éṣíà

Oúnjẹ alẹ́ tó yá ni. Ẹran màlúù pẹlẹbẹ tí a fi sọ́ọ̀sì sóyà, atalẹ̀ àti aáyù pa lára, tí a yan lórí èédú, tí a wá bu ẹ̀fọ́ tí iná kàn fọwọ́ bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adùn Ṣáínà àti Jàpáànù ló ní, àmọ́ ẹran, atalẹ̀, aáyù àti ẹ̀fọ́ rẹ̀ kún Ọjà Ọba fọ́fọ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa ní Ìlọrin ni pé ọwọ́ tí a fi ń se ọbẹ̀ ata la fi ń sè é.

Iyọ̀ ló burú jù. Sọ́ọ̀sì sóyà kì í ṣe omi dúdú lásán. Ẹ̀wà sóyà àti àlìkámà ni wọ́n ń rẹ sínú omi iyọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí adùn rẹ̀ á fi yọ, bí àwa náà ṣe ń bo irúgbá títí á fi di irú. Ṣíbí ìjẹun kan péré ní iyọ̀ tó lé ní gíráàmù 2, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, àsìkò ìṣínu ni, mo fọ́ mágí méjì sí i torí ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gé díẹ̀ jẹ, ó rọra gbé ìyókù sí etí àwo, ó nawọ́ mú omi. Kò sọ nǹkan kan. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta fún ìdajì kílò ẹran, ó ti tó. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má fi mágí sí i.

Ẹ má sì gbé ìgò sọ́ọ̀sì láìka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní teriyaki ló ní mirin nínú, ọtí ìrẹsì dídùn àwọn ará Jàpáànù. Nílùú tí mùsùlùmí pọ̀ tó báyìí, kò yẹ ká gbé e síwájú àlejò láìmọ̀. Oyin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ á ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Màlúù wa ti fẹsẹ̀ jẹko jìnnà kó tó dọ́dọ̀ alápatà, ẹran rẹ̀ máa ń le. Ẹ wo ojú ẹran náà dáadáa, ẹ máa rí iṣan tó ń lọ gbọọrọ bí òwú. Ẹ má gé e tẹ̀lé iṣan yẹn. Ẹ gé e dábùú, kó fẹ́lẹ́ bíi ti súyà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú èròjà ti tó o.

Tí ẹ bá fi oyin pa á látìbẹ̀rẹ̀, ara á dúdú kí inú tó jinná. Ẹ jẹ́ kí èédú fi eérú funfun bora kí ẹ tó tẹ́ ẹran lé wáyà, kí ẹ sì ro omi ara rẹ̀ dànù. Ó bá ku ìṣẹ́jú kan kó jinná, ẹ wá fi oyin pa á. Á dún ṣíì, ara rẹ̀ á máa dán. Bí òórùn ṣúgà tó ń jó bá ti fẹ́ jáde, ẹ gbé e kúrò kíá. Èròjà tí ẹ fi rẹ ẹran tútù, ẹ má dà á lé èyí tó ti jinná, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sè é tó hó dáadáa.

Ẹ̀fọ́ ń kọ́? Ẹ má bọ̀ ọ́, ẹ má fún omi rẹ̀ dànù, kì í ṣe ẹ̀fọ́ rírò la fẹ́ ṣe. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí kábéèjì dára fún un. Gbúre kò dára, omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kí omi ro kúrò lára rẹ̀ pátápátá, ẹ ya igi rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ewé. Kí agbada gbóná gan-an, igi ni kó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ewé á tẹ̀ lé e. Bó bá ti rọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Òróró yànmọ̀tí ló kù. Ẹ má fi dín nǹkan kan, torí òórùn rẹ̀ là ń tìtorí ẹ̀ rà á, iná ńlá sì máa ń pa òórùn náà. Ṣíbí kékeré kan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ẹ̀fọ́ kalẹ̀.