Ẹsẹ̀ Òsì Ló Ń Jẹ Kílọ́ọ̀ṣì: Àṣìṣe tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa tí A Fẹ́ràn Ọkọ̀ Wíwà

Nígbà tí mẹkáníìkì tú jíàbọ́ọ̀sì ọkọ̀ mi sílẹ̀, ó pè mí pé kí n wá fi ọwọ́ ara mi gbé àwo kílọ́ọ̀ṣì náà, èyí tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, wò. Ó ti fẹ́lẹ́. Ohun tó yẹ kó máa gbá irin mú lára rẹ̀ ti jẹ tán, orí àwọn ìṣó tí wọ́n fi kàn án ti yọ síta, wọ́n ń dán yanran. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí flywheel, irin róbótó tí àwo náà máa ń gbá mú, mo sì rí àpá aláwọ̀ búlúù káàkiri ojú irin náà, níbi tí ooru ti sun ún. Máìlì 31,000 péré ni mo fi ọkọ̀ yẹn rìn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi irú ọkọ̀ kan náà rìn kọjá 110,000, kílọ́ọ̀ṣì tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Òkè kan náà là ń gùn lójoojúmọ́.

Ó dùn mí gan-an, nítorí pé èmi ni mo fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà jù nínú àwa méjèèjì. Èmi ni mò ń wo fídíò, èmi ni mò ń yí jíà bí ẹni ń ta ayò. Ìgbà tí mo jókòó ro ohun tí ẹsẹ̀ òsì mi ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo tó mọ ibi tí owó mi gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn. Àwo kílọ́ọ̀ṣì wà láàárín flywheel, tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, àti pressure plate, tí sípíríǹgì ń tì mọ́ ọn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ méjì há ìwé. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á há a pinpin, kò sí ohun tó ń fi ara pa ara. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀, kò sí ohun tó ń fara kàn án. Àárín méjèèjì, níbi tó ti ń gbé díẹ̀ tó sì ń yọ̀ díẹ̀, nìkan ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń jẹ. Kì í ṣe iye ìgbà tí ẹ yí jíà ló ń pa á, kì í sì í ṣe ọjọ́ orí ọkọ̀. Iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ fi dúró sí àárín yẹn ni.

Fífi kílọ́ọ̀ṣì bálánsì ọkọ̀ lórí òkè

Èyí ni baba gbogbo wọn, ó sì ṣòro fún mi láti sọ ọ́, nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ mọ́tò, Peugeot 504 ni, ẹ̀gbọ́n mi ló sì kọ́ mi. Bí a bá ń ti Dùgbẹ̀ gòkè lọ sí Mọ́kọ́lá, tí ọkọ̀ tò síwájú, á ní, "Bálánsì ẹ!" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n fi kílọ́ọ̀ṣì ààbọ̀ àti iná díẹ̀ (ìyẹn títẹ ìtẹ̀ epo díẹ̀) gbé ọkọ̀ ró lórí òkè, kó má lọ síwájú, kó má sì yí sẹ́yìn. Takisí á wà lẹ́yìn mi tí bọ́ńpà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwa. Ẹni tó bá lè bálánsì fún ìṣẹ́jú kan láìfọwọ́ kan háńbíréèkì ni a ń pè ní dẹ́rẹ́bà. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, inú ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń dùn.

Ọgbọ́n gidi ló wà nínú rẹ̀, n kò ní pa irọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń gbé. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan lórí òkè pẹ̀lú ẹrù èèyàn márùn-ún, gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnnì ń mú wá ló ń di ooru lójú àwo kan ṣoṣo yẹn. Ọkọ̀ kò rìn, epo ń jó, kílọ́ọ̀ṣì ń jóná.

Nígbà tí mo wá forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ìwakọ̀ tó jinlẹ̀ níbí, ẹni tó jókòó tì mí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. A dé iná ojú pópó lórí òkè kan, mo bálánsì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó kọ nǹkan sínú ìwé pélébé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí a dúró, ó ní iná mẹ́rin ni a bá pàdé, ó sì ti ka ìṣẹ́jú àáyá tí mo fi dúró lórí kílọ́ọ̀ṣì ààbọ̀: 140. Ó ní, "Ìyẹn ju ohun tó yẹ kí o lò ní gbogbo ìrìn àjò yìí lọ."

Ohun tó yẹ ni kí ẹ fa háńbíréèkì. Ẹ dúró. Nígbà tí ọ̀nà bá là, ẹ wá ibi tó ti ń gbé, ẹ fi iná díẹ̀ sí i, ẹ tú háńbíréèkì, ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò tán. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.

Títẹná jù nígbà tí ẹ bá ń gbéra

Àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù kí ọkọ̀ má kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ló ń ṣe èyí, àti àwa tí a fẹ́ kí ọkọ̀ dún. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: bí ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì tó ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan gbéra dípò 1,500, tí ẹ sì mú un níbẹ̀ títí kílọ́ọ̀ṣì á fi gbé tán, ooru tó máa wọ inú àwo náà kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni, lórí ilẹ̀ títẹ́jú pàápàá. Nígbà tí ẹ bá ń fi rìfáàsì wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí tó dagun ló burú jù. Jíà ẹ̀yìn kì í lọ́ra tó bí a ṣe ń fẹ́, nítorí náà ẹsẹ̀ á wà lórí kílọ́ọ̀ṣì ààbọ̀ títí, iná á sì pọ̀. Ẹ fi iná kékeré ṣe é, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, bí kò bá wọlé dáadáa, ẹ jáde kí ẹ tún un ṣe.

Gbígbé ẹsẹ̀ lé e

Ẹsẹ̀ tó kàn sinmi lé kílọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀nà márosẹ̀ ń tì í díẹ̀. Ẹ lè má mọ̀. Àmọ́ release bearing, béárìn tó ń ti sípíríǹgì nígbà tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á máa fara kàn án, ìdìmú á sì dín kù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sí ilẹ̀ lápá òsì.

Bákan náà ni ti ẹni tó dúró níbi iná pupa nínú jíà kìíní pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì títẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Àwo kò jẹ nígbà yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n béárìn náà ni ẹrù wà lórí rẹ̀. Ẹ yọ jíà.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ni mò ń bá wí níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń lo wákàtí méjì lórí Third Mainland Bridge. Ọkọ̀ iwájú sún ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ sún ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ìgbàkígbà tí ẹ bá sún bẹ́ẹ̀, ẹ kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì tán. Kò sí ohun tó ń pa kílọ́ọ̀ṣì dánfó tó èyí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ iwájú lọ jìnnà díẹ̀, kí ẹ tó gbéra nínú jíà kìíní, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, kí ọkọ̀ máa fà bí ẹni tó ń yára rìn láìtẹná. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ẹlòmíràn á kó sínú àlàfo yẹn. Yóò kó sí i lóòótọ́. Ọkọ̀ márùn-ún lè kó sí i kí ẹ tó dé Adéníjì, kò sì lè fi yín pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Fífi jíà dá ọkọ̀ dúró

Àṣìṣe àwọn tó gbà pé àwọn ti di ọ̀gá nìyí, àṣìṣe tèmi náà sì ni. A ń bọ̀ níbi kọ́nà, a já jíà márùn-ún sí mẹ́rin, mẹ́rin sí mẹ́ta, mẹ́ta sí méjì, a ń gbé kílọ́ọ̀ṣì sókè díẹ̀díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ bíréèkì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò di dandan ká tú jíàbọ́ọ̀sì ká tó pààrọ̀ pádì bíréèkì. Ohun tí wọ́n ń kọ́ awakọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé bíréèkì wà fún dídín ìsáré kù, jíà wà fún lílọ. Ẹ fi bíréèkì sọ ọ́ di ìsáré tó yẹ kọ́nà náà, lẹ́yìn náà kí ẹ já láti márùn-ún sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹ bá sì ń já jíà, ẹ má jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì ló máa fa ẹ́ńjìnnì sókè. Ká ní ẹ wà ní 2,000 nínú jíà kẹrin. Nínú jíà kẹta, ní ìsáré kan náà, ẹ́ńjìnnì máa nílò bíi 2,700. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá wà nílẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kan iná fẹ́rẹ́ kó dé ibẹ̀, kí ẹ tó gbé e. Bí ó bá bá ara mu, ọkọ̀ kò ní mì rárá. Ago tíì ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kò ní dànù.

Àwọn kan á gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n á wá máa yọ jíà pátápátá bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Òfin 122 nínú Highway Code, ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìlọ̀ nípa rẹ̀, torí pé ẹ́ńjìnnì kò ní bá yín di ọkọ̀ mú mọ́. Kò sì fi epo pamọ́: ọkọ̀ ìgbàlódé máa ń dá epo dúró nígbà tí ẹ bá wà nínú jíà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

Kíkọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tí kò yẹ

Fídíò eré ìje ló kọ́ mi ní ìdajì ohun tó ba kílọ́ọ̀ṣì mi jẹ́. Ẹni tó ń sáré ìje máa ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni pààrọ̀ táyà, owó ẹlòmíràn ló sì fi ń rà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, IAM RoadSmart, àjọ ìwakọ̀ tó jinlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ní ẹgbẹ́ káàkiri ìlú, níbi tí awakọ̀ tó ti yege ti ń jókòó tì yín láìgba owó ọ̀yà. RoADAR, àjọ mìíràn bẹ́ẹ̀, náà wà, wọ́n ń fún èèyàn ní ipò bàbà, fàdákà tàbí wúrà, wọ́n sì ń tún un dán wò lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọlọ́pàá tó ń wakọ̀, Roadcraft, wà lọ́jà fún gbogbo ènìyàn. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé kíkà nìkan tó. Ìwé kò lè rí ẹsẹ̀ òsì yín.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó dé síbí ń ṣe ìdánwò nínú ọkọ̀ òtòmátíìkì torí pé ó yá. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ mọ̀ pé láìsẹnsì yẹn kò fún yín láàyè láti wa ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì.

Bí ó bá ti bàjẹ́ náà

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké nínú jíà gíga tí ọkọ̀ kò sì yára, ó ti ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ má dúró de ìgbà tí òórùn jíjóná á kún inú ọkọ̀. Ẹ má sì ra àwo tòkúnbọ̀ ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, torí pé owó rẹ̀ kéré, nítorí iṣẹ́ títú ló wọ́n, àwo kọ́. Ẹ pààrọ̀ àwo, pressure plate àti release bearing pọ̀, kí ẹ sì ní kí mẹkáníìkì wo bóyá ọ́ìlì ń jò láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀kán ọ́ìlì kan lè ba àwo tuntun jẹ́. Ẹ má jẹ́ kó fi atẹ́gùn fẹ́ eruku inú rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti pẹ́, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì lè wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bá jà.

Kílọ́ọ̀ṣì tuntun fẹ́ kí ẹ fi sùúrù wà á fún máìlì 300 sí 500 àkọ́kọ́, kí ojú méjèèjì lè bára mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é láàárín ìgboro. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá ìlà ọkọ̀ pàdé lórí òkè, ẹsẹ̀ òsì mi fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti bálánsì. Mo fa háńbíréèkì.