Bí a ṣe ń dá Icmadophila ericetorum mọ̀ nínú igbó

Láíkínì yìí, ìyẹn olú àti ewé omi tíntìntín tó ń gbé pọ̀ bí ẹ̀dá kan, ń lẹ̀ mọ́ ìtì igi bíi lápálápá: ẹ kò lè ṣí i láìhó igi mọ́ ọn. Igbó tútù, olójìji, tí mọ́ọ̀sì bo ilẹ̀ rẹ̀, ló ń gbé, irú ti Skọ́tlándì, Nọ́wè àti ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Ẹ má wá a dé igbó Oǹdó. Èébì iwin làwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kan ń pè é. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kàn án.

Ẹ̀yìn òjò ló dáa jù. Tó bá rin, á tutù bí ewé ọ̀dọ́. Tó bá gbẹ, á funfun bí eérú, ojú á sì fò ó. Ìtì tó ti jẹrà débi tí èékánná ń wọ inú rẹ̀ ni kí ẹ tú wò, ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í kàn. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 wò ó: àwo roboto pínńkì, bí ìdí èékánná ọmọ ìkókó, jókòó pẹlẹbẹ sára rẹ̀. Fífẹ̀ wọn kì í sábà ju mìlímítà 4 lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí: Dibaeis baeomyces náà ní orí pínńkì. Àmọ́ orí tirẹ̀ dà bíi ti ìṣáná, ó lọ́rùn, orí amọ̀ gbalaja ló sì ń hù sí. Ẹ wo ohun tó hù lé kí ẹ tó wo àwọ̀.

Fún ìdánwò, ẹ bẹ́ ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan, kó gbẹ, kí ẹ kán potassium hydroxide ìdá 10 nínú 100 sára rẹ̀, kì í ṣe sórí àwo pínńkì. Á pọ́n bí iyeyè, lẹ́yìn náà bí ọsàn. Thamnolic acid inú rẹ̀ ló fà á. Oògùn yìí ń jó awọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. (Omi eérú ọṣẹ dúdú bá a tan, àmọ́ ẹ má fi rọ́pò, torí a kò mọ bó ṣe le tó.) Bí kò bá yí padà, ẹ kán oògùn náà sára Xanthoria parietina, láíkínì aláwọ̀ ọsàn orí ògiri. Bí ìyẹn kò bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ti ba oògùn yín jẹ́. Dibaeis náà ń pọ́n bí iyeyè, nítorí náà ìdánwò yìí nìkan kò tó.

Bí onígbó bá yọ̀ǹda, ẹ gé ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò tòun tigi abẹ́ rẹ̀. Àpò bébà ni kí ẹ kó o sí; inú ọ̀rá, á bu. Igi jíjẹrà tó bá gbẹ á máa rún, nítorí náà ẹ fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Pẹ́nsùlù ni kí ẹ fi kọ ọjọ́, ibi àti irú igi sára àpò, torí tádàwà ń ṣàn lára bébà tútù.