Má fi ìwúwo dá wóró náánó dúró: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò abẹ́rẹ́ AFM

Ki ìka bọ omi, tẹ̀ ẹ́ sórí gààrí gbígbẹ, kó o gbé e sókè. Àwọn wóró tó lẹ̀ mọ́ ọn kò ní já bọ́, bó o tilẹ̀ dojú ìka náà délẹ̀. Kò sọ́mọ Òṣogbo tí kò mọ èyí. Ṣùgbọ́n tá a bá jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ṣírò bí abẹ́rẹ́ máíkírósíkóòpù AFM (ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ tíńtín kan ojú nǹkan láti mọ bó ṣe rí) ṣe ń ti wóró góòlù kiri, ńṣe là ń gbàgbé ẹ̀.

Èmi náà ṣe é. Ìwúwo ni mo kọ́kọ́ kọ sínú àwòṣe orí kọ̀ǹpútà mi, bí ẹni fẹ́ ti àpò sìmẹ́ǹtì. Mú wóró góòlù tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 10 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Omi tíńtín tó máa ń sé sáàárín òun àti ilẹ̀ tó jókòó lé lè fi agbára bíi nanonewton 9 fà á mọ́lẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ńkọ́? Bí ìdá kan péré nínú bílíọ̀nù 10 ìyẹn. Yọ ìwúwo dànù. Omi ni kó o má yọ, àfi tí iṣẹ́ náà bá wà nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tàbí tí gbogbo ẹ̀ bá rì sínú omi. Má sì lo iye kan náà fún ọ̀yẹ́ àti òjò: afẹ́fẹ́ oṣù Kẹjọ, tí èrò ń wọ́ lọ sódò Ọ̀ṣun, kì í ṣe ti oṣù Kìíní tí ètè ń bó.

Èyí tó jẹ mí níyà jù ni pé mo gbàgbé pé abẹ́rẹ́ náà ń lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá àṣìṣe nínú kóòdù, tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Ohun tó ń pinnu ìlẹ̀mọ́ ni rédíọ́ọ̀sì méjèèjì, ti abẹ́rẹ́ àti ti wóró: fi ọ̀kan sọ èkejì di ìlọ́po, kó o fi àròpọ̀ wọn pín in. Tí abẹ́rẹ́ bá mú, tí tiẹ̀ náà jẹ́ 10, wàá rí 5, ìdajì 10 tí ilẹ̀ tó tẹ́jú ń fúnni. Jẹ́ kó kú dé 50, ó di 8.3. Kí ilẹ̀ wá rí gbágungbàgun díẹ̀ báyìí, abẹ́rẹ́ á gbé wóró lọ, àwòṣe rẹ á ṣì máa sọ pé ó wà níbi tó wà.

Má gbára lé òfin fríkíṣọ̀n tí wọ́n kọ́ wa ní girama, pé bí ẹrù bá ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tó ni fríkíṣọ̀n ṣe ń pọ̀ tó. Ẹrù lè jẹ́ òdo kí wóró ṣì takú, torí ìlẹ̀mọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́.

Ó ku ọ̀pá pẹlẹbẹ tó gbé abẹ́rẹ́. Iye líle tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, má gbé e bẹ́ẹ̀. Nínípọn ọ̀pá náà, ìgbà mẹ́ta ló ń wọ inú ìṣirò líle (nínípọn × nínípọn × nínípọn), nítorí náà bó bá fi ìdá 10 nínú 100 nípọn ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́, líle rẹ̀ á fi ìdá 33 nínú 100 lé. Wọ̀n ọ́n fúnra rẹ, nípa bí ooru yàrá ṣe ń gbọ̀n ọ́n. Iye yẹn pàápàá, ti títẹ̀ sókè sódò ni. Tó o bá ń ti wóró sí ẹ̀gbẹ́, lílọ́ ni ọ̀pá náà ń lọ́, ìṣirò tiẹ̀ sì yàtọ̀.