Bí A Ṣe Ń Yan Bísíkíìtì fún Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kọ Oríṣiríṣi Oúnjẹ

Ọmọ tí mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí kò gbọdọ̀ fẹnu kan àlìkámà, ẹyin, wàrà màlúù, ẹ̀pà, kajú, sóyà àti yànmọ̀tí. Àlẹ́jì ni àwọn dókítà ń pè é: ara ọmọ náà ń bá púrótéènì inú oúnjẹ wọ̀nyí jà bí ìgbà tí ó bá rí ọ̀tá. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ lè rò pé kò sí ohun tó kù tí a lè fi yan nǹkan, àmọ́ ìrẹsì wà, ọkà bàbà wà, gbágùúdá wà, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà. Pípò ó àti yíyan án kò le. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é. Ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti lọ ìrẹsì náà ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ba iṣẹ́ yìí jẹ́, nítorí náà ibẹ̀ ni n óò pẹ́ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé tí dókítà fún ọmọ náà, kí ẹ kà á sókè, torí pé ohun tí ara ọmọ kan kọ̀ lè jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ ọmọ mìíràn. Àgbọn ni èmi ń lò dípò bọ́tà. Ó pẹ́ tí àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti ń ka àgbọn mọ́ kajú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò ní Oṣù Kìíní ọdún 2025. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ara wọn kọ kajú ló ń jẹ àgbọn láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí àgbọn gan-an ni èèwọ̀ wọn. Bí tiyín bá wà lára wọn, òróró súńfláwà inú ike tí ilé iṣẹ́ dì pa lè dípò rẹ̀, bísíkíìtì náà yóò kàn rọ̀ díẹ̀ ni.

Fún nǹkan bíi bísíkíìtì 24, ẹ ó nílò ìyẹ̀fun ìrẹsì 130 gíráàmù, ìyẹ̀fun ọkà bàbà 70, sítáàṣì gbágùúdá 60, ṣúgà 90, òróró àgbọn 90, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n dáadáa, atalẹ̀ gígún ìdajì ṣíbí tíì, iyọ̀ ṣín-ún, bẹ́kìn sódà ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ìdajì ṣíbí tíì. Sódà àti omi ọsàn ni mo fi rọ́pò bẹ́kìn páúdà, nítorí pé wọ́n máa ń fi ìyẹ̀fun kan sínú bẹ́kìn páúdà kó má baà gbá jọ, ó sì lè jẹ́ ti àlìkámà. Ìwọ̀n kékeré oní-bátìrì ni kí ẹ fi wọn ohun gbogbo, ẹ fi ife sílẹ̀, torí pé ọwọ́ ẹnìkan a máa ki ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Sítáàṣì tí wọ́n fi aró sí fún aṣọ kọ́ ni mo ń wí o. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín sẹ́ láti inú gbágùúdá ló dára jù.

Ó wá kan ìlọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọ-èlùbọ́ tó wà lọ́jà kò mọ ọmọ tó ní àlẹ́jì yàtọ̀. Láàárín òwúrọ̀ kan ṣoṣo, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà àti àlìkámà ti lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú èyí tó burú jù lọ, ìyẹn ọkà tí wọ́n pò mọ́ sóyà àti ẹ̀pà yíyan tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń pè ní tọ́m bráùn. Bí oníbàárà kan bá kúrò tí òmíràn dé, ọ̀gá ẹ̀rọ á bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ọkà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, á dà á sẹ́nu ẹ̀rọ kó lè ti ìyókù ti tẹ́lẹ̀ jáde, á wá gbọn àpò tí wọ́n so mọ́ ojú ìjáde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tirẹ̀, ó ti mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀pà lọ́ràá. Ó ń lẹ̀ mọ́ irin ìlọ̀ àti inú àpò náà, yóò sì máa bá ẹrù àwọn tó dé lẹ́yìn jáde díẹ̀díẹ̀.

Ìyá kan ládùúgbò wa ra ìrẹsì tó dára, ó ṣà á, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí èso ẹ̀pà kan nílé rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọmọ náà kò tíì jẹ bísíkíìtì kan tán tí ètè rẹ̀ fi wú, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì gbà lọ. Nígbà tí ara ọmọ ti balẹ̀, mo da ìyókù ìyẹ̀fun náà sórí àwo funfun, mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, mo wá rí àwọn ègé pupa tín-tìn-tín bí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n yan. Mẹ́ta ni mo kà kó tó sú mi.

Ẹ má ṣe bẹ ọ̀gá ẹ̀rọ pé kó fọ̀ ọ́ fún yín. Omi tó bá kan ìyẹ̀fun gbígbẹ nínú irin yóò sọ ọ́ di àmọ̀ ni. Ẹ má sì tan ara yín pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n lọ kẹ́yìn lálẹ́ àná ṣì wà ní ọ̀fun ẹ̀rọ. Odó kò lè gbà yín pẹ̀lú bí wọ́n bá ti gún ẹ̀pà nínú rẹ̀ rí, torí igi ń mu òróró. Ilé ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́, nínú ife ìlọ̀ bùlẹ́ńdà tí ẹ ra ní tuntun fún ọmọ yìí nìkan. Ẹ má ṣe yá ti aládùúgbò: rọ́bà tó wà lábẹ́ abẹ rẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń tú u fọ̀.

Ẹ fọ ìrẹsì náà, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ nínú yàrá tí fáànù ti ń fẹ́, kì í ṣe níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀pà tí ẹlòmíràn sá. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí bùlẹ́ńdà má baà gbóná jù, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì dá èyí tó ṣẹ́kù lójú asẹ́ padà sínú ìlọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkà bàbà, àmọ́ òun kò nílò rírẹ. Kẹ́ ẹ ṣáà ti ṣà á dáadáa ni. Asẹ́ tí ẹ fi ń jọ fúláwà kò gbọdọ̀ dé ibi iṣẹ́ yìí. Mo so òwú pupa mọ́ ọwọ́ asẹ́ tèmi, ṣíbí rẹ̀ àti abọ́ rẹ̀, gbogbo ilé sì mọ̀ pé ohun tó bá ní òwú pupa kì í kan ẹ̀pà. Ẹ so ó mọ́ tiyín.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé iná ófùnù yóò pa ohunkóhun tó bá kù nínú ìyẹ̀fun. Iná kì í pa á. Yíyan tilẹ̀ lè mú kí ẹ̀pà túbọ̀ le fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan tí ẹyin tàbí wàrà tútù ń yọ lẹ́nu lè jẹ ẹ́ bí wọ́n bá yan án pẹ̀lú fúláwà, ṣùgbọ́n iwájú dókítà ni wọ́n ti ń dán an wò.

Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́. Omi lásán kì í ṣí ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni sanitáísà, tó lè pa kòkòrò ṣùgbọ́n tí kò kó púrótéènì kúrò. Ẹ ra kànrìnkàn tuntun. Ọmọrógùn ọbẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣíbí onírin ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fi fúláwà àlìkámà ṣe nǹkan láàárọ̀, ẹ sún ti ọmọ di ọjọ́ kejì, torí pé eruku rẹ̀ máa ń fò kiri fún wákàtí mélòó kan.

Ní ti òróró àgbọn, ẹ sọ́ra fún èyí tí wọ́n ń bù tà lọ́jà, torí pé ìgò tó gbé òróró ẹ̀pà lánàá lè gbé ti àgbọn lónìí. Èmi ń rin àgbọn, mo ń fún omi rẹ̀, mo sì ń sè é títí òróró yóò fi yọ. Bí ẹ bá ra ohunkóhun nínú páálí, ẹ ka ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rà á, torí pé wọ́n lè yí èròjà padà láìyí àwọ̀ páálí. Ọ̀pọ̀ màgàrínnì ní wàrà tàbí sóyà nínú. Ẹ wá "whey" àti "casein", tí í ṣe ti wàrà, àti "soy lecithin", tí í ṣe ti sóyà. Ìdílé tó wà ní ìlú ọba ní ìrànlọ́wọ́ díẹ̀: àwọn oúnjẹ 14 ni òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n kọ kó hàn ketekete, ní Amẹ́ríkà, mẹ́sàn-án ni, yànmọ̀tí sì ni ìkẹsàn-án láti ọdún 2023. Àmọ́ ìkìlọ̀ pé ẹ̀pà "lè" wà nínú rẹ̀ kò pọn dandan ní ibi méjèèjì, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i, kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Ìyókù yá. Ẹ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí kò fi ní kókó mọ́, ẹ pò ó mọ́ ṣúgà, òróró àti omi ọsàn, kí ẹ wá da gbogbo ohun gbígbẹ lé e. Ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má fo èyí: ìyẹ̀fun ìrẹsì kì í tètè mu omi, bí ẹ bá sì kánjú yan án, yóò máa dún láàárín eyín bí yanrìn. Ẹ ṣù ú bí ẹ̀kùrọ́ ńlá, kí ẹ fi ìdí ife tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ fọ̀ tí ẹ sì nù gbẹ lè dípò bébà tí wọ́n ń tẹ́ sórí tírè; ìwé ìròyìn kò lè dípò rẹ̀, nítorí yíǹkì.

Ẹ yan án ní 175°C fún ìṣẹ́jú 13 sí 15, títí etí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹni tí kò ní ófùnù lè da yanrìn gbígbẹ sí ìdí ìkòkò irin, kí ó gbé tírè kékeré lé e, kí ó dé e pa, kí iná sì wà jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí pé kò sí àlìkámà tó máa dì í mú, gbígbóná rẹ̀ a máa fọ́.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, ègé kékeré kan ni kí ọmọ jẹ, kí abẹ́rẹ́ adrenaline tí dókítà kọ fún un sì wà nítòsí. Bí ètè bá wú, bí ohùn bá há tàbí mímí bá ń ṣòro, abẹ́rẹ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ epo pupa fún un, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n já mílíìkì agolo fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ wàrà.

Nínú agolo tó ní ìdérí, yóò lo ọjọ́ márùn-ún. Bí mo bá dì í fún ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń kọ orúkọ ọmọ sára ọ̀rá rẹ̀, mo sì máa ń fi méjì lé e fún ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í, kí àwọn méjèèjì lè jọ jẹ ọ̀kan náà.